Ọkọ̀ Ògbólógbòó àti Ìwé Ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún èyí tí ó ń léfòó lórí omi àti èyí tí ó ń sáré lórí ilẹ̀. Ọkọ̀ ni a ń pe méjèèjì. Ìgbà tí a bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni a tó ń sọ pé ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ ojú ilẹ̀. Ní àgbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìdàpọ̀ orúkọ yìí bá ìtàn ilẹ̀ náà mu rẹ́gí. Kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé, Ebúté Ìpakodò ni ojú Ìkòròdú sí Èkó. Ibẹ̀ ni ẹrù tí ó bá ti ilẹ̀ Rẹ́mọ wá ti ń bọ́ sínú ọ̀sà. Ní ti Ẹ̀pẹ́, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè l'Ékòó ní 1851, ibẹ̀ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí títí di 1862 tí ó padà sílé. Ọjà Èjìnrìn, tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, jẹ́ ọjà ńlá tí ará Èkó àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Omi ni ó gbé ọjà náà ga. Nígbà tí ọkọ̀ ojú ilẹ̀ gba òwò lọ́wọ́ omi, ọjà náà lọ sílẹ̀.

Mo mẹ́nu ba omi nítorí pé ẹni tí ó ní ọkọ̀ ojú omi kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá bá a yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò. Bí igi rẹ̀ bá là, omi yóò wọlé kí ó tó kúrò ní èbúté, ojú gbogbo èrò ni yóò sì ṣe. A ó wọ́ ọkọ̀ náà gòkè, a ó dí ojú ibi tí ó ti ń jò, a ó sì dúró kí ó gbẹ. Omi kì í gba rìbá. Ọkọ̀ ojú ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bíréèkì tí ó ti jẹ tán kì í ké sí èrò ẹ̀yìn ọkọ̀. Táyà tí ó ti gbó nínú a máa dán lóde. Ọkọ̀ tí ó ti kú ní ìdajì lè gbé ènìyàn márùn-ún láti ibùdókọ̀ Benson dé Ìtóìkín lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, kí ó tó wá di ọjọ́ tí ewúrẹ́ kan bá já sí títì níwájú rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ìjọba ayé fi gbé alayẹ̀wò dìde, kí ojú kan lè wà tí yóò máa rí ohun tí èrò kò lè rí. Bí ojú náà ṣe ríran tó ní ilẹ̀ wa, àti bí ó ṣe di pé ìwé ni ó ń rí dípò ọkọ̀, ni ìtàn tí mo fẹ́ tọ̀ níhìn-ín.

Ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni èyí tí ìjọba amúnisìn là láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní 1906. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò ṣòwò. L'Ékòó, W. A. Dawodu wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń ta mọ́tò, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Ní Ìbàdàn, Sàlámì Àgbàjé fi ọkọ̀ akẹ́rù kún ọrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà náà kì í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bọ́lẹ̀kájà ni. Ẹ́ńjìnnì àti irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti Ìlú Ọba wá, Bedford tàbí Austin; ara rẹ̀ tí èrò àti ẹrù ń jókòó sí, ọwọ́ àwọn káfíńtà wa ni ó ti jáde. Pákó ni, a fi ọ̀dà kun ún, a kọ òwe tàbí àdúrà sí iwájú orí rẹ̀. Bẹ́ǹṣì inú rẹ̀ le, èrò kọjú sí ara wọn tí orúnkún ń gbá orúnkún, ìjà kì í sì í pẹ́ ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tí a kó há bẹ́ẹ̀: ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá, 'ẹ bọ́ sílẹ̀ kí a jà'. Ìdajì ọkọ̀ náà, nígbà náà, jẹ́ ohun tí a ṣe nílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kò ní ìwé ilé-iṣẹ́ kankan tí yóò fi díwọ̀n rẹ̀; ó ní láti tẹ̀ pákó, kí ó ka èrò, kí ó wo bí ẹrù ti ga tó.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ojú òfin ti mú ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ akẹ́rù ju ọkọ̀ ti ara ẹni lọ. Ó ní ìdí. Ọkọ̀ tí ó ń gbowó lọ́wọ́ èrò ní láti dáhùn fún ẹ̀mí èrò. Ṣùgbọ́n ìdí kejì wà tí ìwé òfin kò kọ, òun ni pé àwọn tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nígbà náà kò pọ̀, wọn kò sì kéré: òyìnbó aláṣẹ, dókítà, lọ́yà, oníṣòwò kòkó, ọba aládé. Ta ni yóò dá irú wọn dúró láàárín títì kí ó ní kí wọ́n tẹ bíréèkì kí òun wò ó? Lójú mi, ìtìjú yìí ni ogún tí ayẹ̀wò ọkọ̀ ti ara ẹni kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Títí di òní ni olówó ọkọ̀ fi ń rò pé ìwọ̀sí ni kí a wo abẹ́ ọkọ̀ òun.

Ní Ìlú Ọba náà, wọ́n jáfara kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọkọ̀ ti ara ẹni. Òfin ìrìnnà tí ilé aṣòfin wọn ṣe ní 1956 fún ìjọba ní agbára, ṣùgbọ́n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960 ni ayẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Ernest Marples jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí àwa gba òmìnira. Ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò: bíréèkì, iná, àti ìdarí. Àwọn ọkọ̀ tí kò yege pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi bà wọ́n. Kí 1961 tó parí, ọdún méje ni wọ́n fà á wálẹ̀ sí. Ní 1967 ó di ọdún mẹ́ta. Bí wọ́n ti ń wò ó ni wọ́n ń rí i pé ọkọ̀ kì í dúró dé ọdún mẹ́wàá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ níkọ̀kọ̀. Ohun kan wà nínú ètò wọn tí n óò padà sí: wọn kò gbé iṣẹ́ náà fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn gáréèjì mekáníìkì ni ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, ìjọba sì ń ṣọ́ àwọn gáréèjì.

Òmìnira bá Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Ọmọ Ìkòròdú ni Olóyè T. O. S. Benson tí ó ṣe mínísítà ètò ìròyìn nígbà ìjọba alágbádá kìíní, tí òpópónà Benson ń jẹ́ orúkọ rẹ̀; ṣùgbọ́n ní ti ìwé ọkọ̀, ará Ìwọ̀ Oòrùn ni ọlọ́kọ̀ Ìkòròdú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni ó ń ná. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Ìkẹjà àti Àgbádárìgì sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn òpìtàn wa máa ránni létí rẹ̀ ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká, tí àwọn Faransé ti ṣàkóso rí, ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà. Bí ọkọ̀ wa bá sì kọjá ẹnubodè, inú ewu ni ó ń wọ̀. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ yìí di ọkọ̀ tí a ṣe fún ọ̀nà mìíràn. Iná wọn ń tàn sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ń ṣí sí àárín títì. Awakọ̀ tí ó fẹ́ ya ẹni iwájú rẹ̀ sílẹ̀ ní láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì í bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. Ọkọ̀ kò gbó, òfin ni ó sọ ọ́ di ògbólógbòó. Síbẹ̀, a kò kó wọn dànù, a sì lò wọ́n títí tí wọ́n fi parí.

Àkókò tí owó epo rọ̀bì dé ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kúrò ní ohun ọ̀ṣọ́ ọlọ́lá. Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ Udoji dá a lábàá pé kí a fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní 1975 ni owó náà dé ọwọ́ wọn pẹ̀lú èyí tí ó ti ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, tí ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, wọ́n ra Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto bí igbá ahun. Àwọn ọ̀gá wọn ra Píjò. Tuntun ni àwọn ọkọ̀ náà, bébà ṣì wà lórí àga wọn. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ronú nípa ayẹ̀wò ọkọ̀ tí ó ti gbó? Òfin ayẹ̀wò wà. Ọkọ̀ tí ì bá dán an wò ni kò tíì pọ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986 ni ìjọba ológun tú náírà sílẹ̀ lábẹ́ ètò tí a ń pè ní SAP. Dọ́là kan tí kò tó náírà méjì kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ di ohun tí ó ju náírà mẹ́rin lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì dúró níbẹ̀. Ọkọ̀ tuntun fò kọjá orí òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó ra Ìjàpá ní 1976 kò lè ra òmíràn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ra ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti há bẹ́ẹ̀ ni Tòkunbọ̀ gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí. Tòkunbọ̀ ni orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè-òkun tí a gbé wálé. Orúkọ ìyìn ni, orúkọ ọmọ tí ó ti rí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí. Àwa Yorùbá ni a mú un fún ọkọ̀ àlòkù, gbogbo Nàìjíríà sì gbà á lẹ́nu wa. Àwọn kan ń pè é ní 'Belgium', nítorí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ilẹ̀ Belgium wá, ó gba èbúté Kútọ̀nù, ó sì gba Ṣẹ̀mẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n Tòkunbọ̀ ni ó borí, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọgbọ́n wà: kò sọ pé ọkọ̀ náà ti gbó, ó sọ pé ó ti rìnrìn àjò.

Bí a ti ń ka ọjọ́ orí ọkọ̀ náà sì tún jọ bí a ti ń ka ọjọ́ orí ìyàwó nínú agbo ilé. Gbogbo wa mọ̀ pé ìyàwó tí ó bá wọlé lónìí, bí ó tilẹ̀ ti pé ọgbọ̀n ọdún, àbúrò ni ó jẹ́ fún ọmọ tí a bí sínú agbo ilé náà lánàá. Ọjọ́ tí ó wọlé ọkọ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgbà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Tòkunbọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́wàá ní Brussels yóò dé Ìkòròdú ní ọjọ́ Ajé, a ó fọ̀ ọ́, a ó gba nọ́ńbà tuntun fún un, a ó ṣe ìkómọ fún un pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, láti ọjọ́ náà ni a ó sì ti máa sọ pé ó ti lo ọdún kan, ó ti lo ọdún méjì. Àṣà yìí dára fún ilé ọkọ, ó ń tọ́jú ipò àwọn tí a bá nílé. Fún bíréèkì, kò dára rárá. Irin kò mọ ọjọ́ tí òun wọlé ọkọ. Ọjọ́ tí wọ́n rọ òun ni ó mọ̀.

Kí ni ó mú kí àwọn tí ó ni ọkọ̀ wọ̀nyí fi wọ́n sílẹ̀? Apá kan nínú ìdáhùn náà ni ayẹ̀wò fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Japan, ọkọ̀ tuntun yóò lọ sí ayẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní shaken lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ní ọdún méjì-méjì. Owó rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rí i pé kí àwọn tó san án, ó sàn kí àwọn ta ọkọ̀ náà sí òkèèrè. Ìròyìn tí àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tí ó ń bójú tó àyíká gbé jáde ní 2020 sọ pé láàárín 2015 sí 2018, ọkọ̀ kéékèèké àlòkù mílíọ̀nù 14 ni ó kúrò ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan lọ sí àwọn ilẹ̀ mìíràn, tí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún kan náà, àwọn alayẹ̀wò ìjọba Netherlands wo àwọn ọkọ̀ tí ó ń gba èbúté tiwọn wá sọ́dọ̀ wa: púpọ̀ nínú wọn ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún sí ogún, ìwé ẹ̀rí ayẹ̀wò ọ̀pọ̀ wọn sì ti kú kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí alayẹ̀wò ibẹ̀ kì bá jẹ́ kí ó wọ títì wọn mọ́, títì tiwa ni ó ń bọ̀. Ayẹ̀wò wọn kò pa ọkọ̀ náà, ó kàn lé e jáde nílé ni.

Ìjọba wa náà gbìyànjú láti fi ọjọ́ orí dí ẹnu ọ̀nà. Iye ọdún tí òfin kọ́sítọ́ọ̀mù gbà fún ọkọ̀ àlòkù ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà: ó ti jẹ́ mẹ́jọ rí, ó ti jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rí, wọ́n sì ti tún fà á sí méjìlá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017, wọ́n ní kí ọkọ̀ kankan má ṣe gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, kí gbogbo rẹ̀ máa gba èbúté. Ẹni tí ó bá mọ igbó tí ó wà láàárín Ìdìrókò àti Ìlaròó mọ ohun tí ọkọ̀ lè gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnubodè bá tilẹ̀ dí pátápátá, kò ní dí ẹnu ọjọ́ orí: ọkọ̀ tí ó wọlé ní ọmọ ọdún méjìlá yóò di ọmọ ogún ọdún níhìn-ín, ọwọ́ wa ni yóò sì gbó sí.

Ní ti àwọn tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ọ, àwọn ènìyàn a máa da méjì pọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó yàtọ̀ sí VIO. Ìtàn Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, nígbà tí Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ṣagbátẹrù ẹgbẹ́ kan tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Májàmájà. Ẹni tí ó ti kọ eré The Road ní 1965, nínú èyí tí ìsọ̀ kan wà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó ti forí sọ, kò kàn fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lórí ìtàgé. Ní 1988 ni Àṣẹ Karùndínláàádọ́ta, ìyẹn Decree 45, dá àjọ ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, òun sì ni alága àkọ́kọ́. Olú Agúnlóyè ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Àjọ yìí ni ó mú nọ́ńbà ọkọ̀ alájùmọ̀lò dé ní 1992, tí Ìkòròdú fi ń jẹ́ KRD, tí Ẹ̀pẹ́ sì ń jẹ́ EPE. Eré àsápajúdé, ìwé àṣẹ awakọ̀, ìgbànú ìjókòó, ìwọ̀nyí ni wọ́n mú lé. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ gan-an, ti VIO ni, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Wọ́n wọ aṣọ tiwọn, àwọn ni ó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ ní títì, èyí tí awakọ̀ ń pè ní pépà VIO. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ti ọkọ̀ ara ẹni ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún ni ti ọkọ̀ akérò.

Bí òfin bá rìn bí a ti kọ ọ́, olówó ọkọ̀ yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, alayẹ̀wò yóò wo bíréèkì, táyà, iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, fèrè, ohun tí ń nu gíláàsì, èéfín, abẹ́ ọkọ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé ọ̀nà kan tí ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Alágbàṣe kan yóò gba owó, yóò gba ìwé àtijọ́, ní ọ̀sán yóò padà pẹ̀lú ìwé tuntun, ọkọ̀ náà kò sì kúrò lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí a gbé e sí. Ìwé ti yege; ọkọ̀ kò lọ sí ìdánwò. Tí ọlọ́kọ̀ bá wá dé ojú títì, ìwé náà ni a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ tí ó le ṣùgbọ́n tí ìwé rẹ̀ kú lánàá yóò rí ìyọnu. Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ ti tán ṣùgbọ́n tí ìwé rẹ̀ pé yóò kọjá pẹ̀lú ọ̀yàyà. Bí èyí bá ti rí bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, àwọn ènìyàn kò ní gbà pé ayẹ̀wò jẹ́ nǹkan kan ju owó orí lọ, èmi kò sì rí bí a ti lè bá wọn wí.

Ìjọba Èkó pàápàá rí i. Ní nǹkan bí 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní LACVIS, pẹ̀lú àwọn aládàáni, nínú èyí tí ẹ̀rọ yóò máa wọn agbára bíréèkì, ìtànṣán iná àti èéfín, tí kọ̀ǹpútà yóò sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ni yóò sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú òṣìṣẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni Gómìnà Akínwùnmí Àńbọ̀dé kéde pé kí àwọn VIO kúrò lójú títì, pé wọ́n ń dí ìrìnnà lọ́wọ́. Inú awakọ̀ dùn. Nígbà tí ìjọba mìíràn dé ní 2019, wọ́n tún padà sójú títì. L'Ábújá, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ dá a ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 pé àwọn VIO ibẹ̀ kò ní àṣẹ lábẹ́ òfin láti dá ọkọ̀ dúró, láti gbà á, tàbí láti bu owó ìtanràn lé awakọ̀ lórí. Mo gbà pẹ̀lú ìdájọ́ náà ní ti ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ẹni tí yóò dúró ní títì ni a ń jà sí. Bíréèkì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn tí ó mọ ara ọkọ̀ wa gan-an ni a kò pè sí ìpàdé. Ẹ lọ sí àwọn ọgbà mekáníìkì tí ó wà ní ìgboro Ìkòròdú títí lọ dé ọ̀nà Ìtóìkín. Ọ̀gá mekáníìkì tí ó ti ń tún ọkọ̀ kan ṣe fún ọdún mẹ́jọ mọ ọkọ̀ náà bí ìyá ti mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀. Ó mọ èyí tí sọ́ọ̀kì rẹ̀ kú, ó mọ èyí tí olówó rẹ̀ ní kí ó fi wáyà so nǹkan kan títí owó oṣù yóò fi dé. Ó ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ti ṣe ìdáǹdè níwájú ẹgbẹ́, ó ti bọ Ògún tàbí kí ó ti gbàdúrà dípò rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ Ògún ṣẹ̀sín, pé ajá tí awakọ̀ ń pa lọ́dọọdún kò tún ọkọ̀ ṣe. Kò tún un ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọdún Ògún, ọkọ̀ kì í lọ síbi iṣẹ́. A ó fọ̀ ọ́, a ó ṣí iwájú rẹ̀, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ yóò dúró yí i ká, àgbà awakọ̀ yóò wí pé ariwo tí òun gbọ́ lánàá kò dára. Ó jẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọdún tí irin jẹ́ ohun ìbẹ̀rù fún ẹni tí ó ń lò ó. Mo bi ara mi léèrè, nínú ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ tí alágbàṣe gba ìwé wálé, èwo ni ó jọ ayẹ̀wò jù?

Ìlú Ọba, bí mo ti sọ, fi àyẹ̀wò sí ọwọ́ gáréèjì. Wọ́n kọ́ mekáníìkì, wọ́n fún un ní irinṣẹ́, wọ́n sì ń gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá purọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé mekáníìkì wa kò ṣeé fọkàn tán níláti sọ fún wa ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán ní ipò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà ni ó fi hàn mí pé àwọn ènìyàn kì í kọ òótọ́ bí a bá fi í sí ọwọ́ wọn. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti pariwo títí pé táyà kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ láti ìgbà tí wọ́n ṣe é. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀ tí ó ń sọ ọjọ́ ìbí: bí a bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, táyà bẹ́ lórí ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, James Ocholi, sì kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ìwádìí àwọn Ẹ̀ṣọ́ mẹ́nu ba eré àsápajúdé pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí obìnrin tí kò mọ ohun kan nípa ọkọ̀ tí ó tẹ̀ ba nídìí táyà ní ọjà, tí ó ń wá nọ́ńbà mẹ́rin náà. Kò sí òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ìbí ọkọ̀ ṣe wà nínú nọ́ńbà gígùn tí a tẹ̀ sí ara rẹ̀: bí a bá kà á dé ìkẹwàá, 4 dúró fún 2004, A dúró fún 2010. Ẹni tí ó ń ta Tòkunbọ̀ mọ̀ ọ́n. Ó tó àkókò kí ẹni tí ó ń rà á náà mọ̀ ọ́n.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń dá ọ̀rọ̀ tálákà nù. Bí a bá fi òótọ́ inú yẹ gbogbo ọkọ̀ tí ó ń ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ wò ní ọ̀la, ọ̀pọ̀ ni yóò kù sílé, tíṣà tí ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò lẹ́yìn iṣẹ́ ni yóò sì kọ́kọ́ sunkún. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT tí ó dé Ìkòròdú láti Máìlì Méjìlá ní 2015 kò lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nítorí náà ni mo fi gbà pé ohun mẹ́ta ni kí a kọ́kọ́ mú lé pẹ̀lú agídí: bíréèkì, táyà, iná. Kí a fi ara ọkọ̀ tí ó ti wọ́, ọ̀dà tí ó ti ṣí, àti gíláàsì tí ó sán sílẹ̀ fún ìgbà tí owó bá dé. Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn níbòmíràn pẹ̀lú.

Ó ku ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ nígbà tí a kò lè tún un ṣe mọ́. A óò tú u. Ohun tí ó bá ṣì wúlò yóò lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin. Irin rẹ̀ yóò lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ irin ní ọ̀nà Ṣàgámù, níbi tí Ìkòròdú ti pààlà pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bàtírì rẹ̀ yóò lọ sí Ògìjo, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ láti yọ òjé inú rẹ̀. Ìwádìí tí àwọn akọ̀ròyìn gbé jáde ní 2025 fi hàn pé òjé náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ àti ti àwọn ọmọ kéékèèké àdúgbò. Èyí tí ó bá yọ́ tán, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e padà lọ sí òkè-òkun, kí wọ́n lè fi ṣe bàtírì fún ọkọ̀ tuntun.